Bí Mo Ṣe Kúnlẹ̀ Kí Bọ́ọ̀lù ní Zaria

Ariwo kan ló jí mi láàárọ̀ àná. Pà. Yóò dákẹ́ díẹ̀. Pà. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ń gbo aṣọ mọ́ òkúta, ṣùgbọ́n ta ló tún ń gbo aṣọ mọ́ òkúta ní àdúgbò Tukur-Tukur lóde òní? Mo ṣí fèrèsé, mo sì rí ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì mọ́ ògiri ilé mi, ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó yẹ kí n bá a wí. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù náà gba apá òsì rẹ̀ wá, ọmọ náà yíra padà, ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé mi pátápátá, ó sì gbá a. Mo gbàgbé ọ̀dà ara ògiri. Kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti yọ síwájú fúnra rẹ̀ nínú sálúbàtà, orúnkún mi sì dún kẹ́ẹ́, ó rán mi létí ọjọ́ orí mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí ẹsẹ̀ yìí ṣe mọ ọ̀nà tó ń tọ̀.

Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Zaria, ìyá mi ń ránṣọ ní iyàrá iwájú ilé wa ní Sábó, èmi nìkan ṣoṣo sì ni ọmọ tí wọ́n bí. Lẹ́yìn ilé àwọn òṣìṣẹ́ ni pápá tẹníìsì kan wà. Amọ̀ òkìtì ọ̀gán ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gún un, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á yí rólà lé e lórí títí yóò fi dán. Ẹfun ni wọ́n fi ń fa ìlà rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, pápá náà a máa là bí ètè wa ti ń là, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò sì máa kiri pẹ̀lú garawa amọ̀, yóò máa dí ojú ibi tó là.

Málàm Garba ni ẹni náà. Ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tó dàgbà ju bàbá mi lọ. Ó ti yí rólà lórí pápá yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí àwọn òyìnbó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ó sì ń fi ojú kó gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tó fi máa di pé àwọn òyìnbó ń dín kù, òun nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe àti èyí tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣe. Kì í wọ bàtà gbá bọ́ọ̀lù. Yóò ká ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìbàdí, yóò dúró ní ẹsẹ̀ lásán, kò sì sí bọ́ọ̀lù tí yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn àgbà tó dé láti ibi iṣẹ́, ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́. Ọkùnrin ni gbogbo wọn àfi èmi. Bàbá mi kò bí ọkùnrin, ó sì fẹ́ràn tẹníìsì, ó bá gbé ràkẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́. Ìyá mi gé àlòkù ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ rán ṣòkòtò péńpé fún mi.

Gbígbá apá ọ̀tún kò ṣòro. Ẹni tó bá ti fi ìgbálẹ̀ lé ewúrẹ́ rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Apá òsì ni ìjàngbọ̀n wà, èyí tí wọ́n ń pè ní bákáǹdì, tí a ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù tó bá gba òsì wá. Málàm fi ẹfun ya ẹsẹ̀ méjì sílẹ̀ fún mi. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ tèmi sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ó ní ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe ọwọ́, èjìká ni. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lára ràkẹ́ẹ̀tì ẹni tó ń bá ọ gbá, kí èjìká ọ̀tún rẹ ti kọjú sí nẹ́ẹ̀tì, kí ràkẹ́ẹ̀tì ti wà lẹ́yìn. Kí ẹsẹ̀ òsì yí lójú kan. Kí ẹsẹ̀ ọ̀tún ré e kọjá lọ síwájú, ní ìdagẹ̀ẹ́rẹ́. Kí orúnkún méjèèjì tẹ̀, kí ìwúwo ara bọ́ sórí ẹsẹ̀ iwájú. Iwájú orúnkún ọ̀tún ni kí o ti pàdé bọ́ọ̀lù, nítorí bọ́ọ̀lù tó bá ti dé ìbàdí rẹ ti di àlejò tó ti wọ yàrá, o kò lè lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà mọ́.

Gbogbo rẹ̀ yé mi. Mi ò kàn lè ṣe é ni. Bí bọ́ọ̀lù bá gba òsì wá, màá sáré yí i po kí ó lè di ti ọ̀tún. Mo ń sáré káàkiri pápá bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé ẹyin sí. Málàm á máa pariwo láti òdìkejì nẹ́ẹ̀tì, "Juya! Juya mana!" èyí ni pé kí n yíra padà. Èmi kò ní yí. Ọjọ́ kẹta, ó gbé ràkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó bi mí ohun tó ń ṣe mí. Mo sọ fún un ní Hausa pé ìyá mi kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí àgbàlagbà, òun sì ni àgbàlagbà tó wà níwájú mi.

Málàm Garba jókòó sílẹ̀ lórí amọ̀ pápá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Nígbà tó dìde, kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní ọ̀rọ̀ gidi ni mo sọ. Ó ní láti òní lọ, kí á tó bẹ̀rẹ̀, kí n máa tọrọ àforíjì sílẹ̀, òun yóò sì máa dárí jì mí, kí ẹ̀yìn tí mo bá kọ sí òun lẹ́yìn ìyẹn má di ẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Lójoojúmọ́ ni màá dúró nídìí nẹ́ẹ̀tì, màá ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá, mo fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí yín." Òun á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Na yafe miki," mo ti forí jì ọ́. Ìgbà náà ni a ó tó gbá bọ́ọ̀lù.

Ó wá ku orúnkún. Orúnkún mi kì í tẹ̀. Ó le gbandi, bọ́ọ̀lù mi sì ń lọ sínú nẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi ló wá yanjú ìyẹn. Ó wá pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́yìn ọgbà, ó ń wò wá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì létí aṣọ. Kò mọ ohunkóhun nípa tẹníìsì, kò sì fẹ́ mọ̀.

"Ṣé bí o ṣe máa ń kí ìyá ìjọ nìyẹn tí o bá ru omi?" ló bi mí.

Mo ní rárá.

"Kí bọ́ọ̀lù náà bí o ṣe máa ń kí wọn."

Ẹ̀yin tí kò ru omi rí kò lè mọ̀ ọ́n. Bí ọmọbìnrin bá pàdé àgbà lójú ọ̀nà tó sì ru garawa omi, kò lè kúnlẹ̀ tán, omi á dà. Yóò gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, yóò tẹ orúnkún méjèèjì wálẹ̀ wẹ́rẹ́, orí á dúró gangan, yóò kí, yóò sì dìde. Ìkúnlẹ̀ ojú ọ̀nà là ń pè é nílé wa. Mo ti ń ṣe é láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀lé e wá sí òsì, mo bá kí i. Ó fò kọjá nẹ́ẹ̀tì, ó lọ bọ́ sórí ìlà ẹfun ní ìkángun. Málàm wo bọ́ọ̀lù, ó wo ìyá mi, ó sì ní tó bá jẹ́ pé obìnrin yìí ti wá láti oṣù tó kọjá, ẹfun òun ì bá má ti ṣòfò.

Àárín inú dídùn yìí ni Bàbá Ọ̀ffà dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín kó tó ronú sí i. Ọkọ̀ ojú irin ló bá wá ní Tọ́sìdeè kan ní àkókò ọyẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ẹnu ọ̀nà ilé wa bí èmi náà ti ń sáré bọ̀ láti pápá, mo wọ ṣòkòtò péńpé, eruku bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ràkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Inú mi dùn láti rí àlejò. Mo dúró lóòró, mo ju ọwọ́ òsì sókè sí i, mo sì kí i káàbọ̀ ní Hausa, "Sannu da zuwa, Baba!" Ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta nínú ìkíni kan ṣoṣo.

Ó yíjú sí bàbá mi, tó tẹ̀lé e bọ̀ láti ibùdó.

"Ọmọkùnrin ta nìyí?"

Mo gbọ́ ìyókù lẹ́yìn aṣọ ìlẹ̀kùn. Bàbá Ọ̀ffà kò pariwo. Ó ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ó ní ní Mọ́ńdè, èmi àti òun la jọ ń wọ ọkọ̀ padà, kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Ọ̀ffà, kí n kọ́ bí wọ́n ti ń dúró níwájú àgbà àti èdè tí wọ́n fi ń kí i. Bàbá mi sì dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." Àbúrò ni. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè sọ.

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ọ̀ffà kì í ṣe ìlú burúkú, mo ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì fi Yorùbá mi rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí ju ìyẹn lọ ni ti ìyá mi. Lọ́jọ́ kejì, maṣíìnì rẹ̀ kò dún láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó kàn jókòó tì í, ó fi ọwọ́ lé e. Ọmọ kan ló bí, wọ́n sì fẹ́ mú un lọ nítorí ọwọ́ òsì.

Ẹ̀tọ́ kan ṣoṣo tó kù fún bàbá mi ni pé kí ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó wá wo eré wa ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bàbá Ọ̀ffà gbà. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ohun tó gba ìkúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ìyá mi bá lọ sí ìdí ọgbà pápá, ó sì ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún Málàm Garba. Málàm gbọ́ ọ tán. Ó rìn yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró sí ojú ẹsẹ̀ ẹfun tó yà fún mi, ó yí èjìká, ó wo ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí. Ohun tó sọ nígbà tó padà dé ni pé òun nílò àga kan àti agboòrùn.

Hẹ́dìmásítà ilé-ẹ̀kọ́ wa ló gbà láti bá mi gbá sẹ́ẹ̀tì kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ gémù mẹ́fà ló borí. Ọkùnrin tó sanra ni, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì dé orúnkún. Bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì náà ló ń ṣe ní pápá: ibi tó bá mọ̀ pé o kò kà ni yóò ti bi ọ́ ní ìbéèrè. Ó mọ̀ pé àwọn ọmọdé kì í ní bákáǹdì, apá òsì mi ló sì dojú gbogbo bọ́ọ̀lù kọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí nẹ́ẹ̀tì kí á tó bẹ̀rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀, ó ní kò burú.

Málàm ti gbé àga Bàbá Ọ̀ffà sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ní apá òsì mi gan-an. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dé. Mo yí èjìká, ojú mi kọ sí Bàbá Ọ̀ffà, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, mo tẹ orúnkún wálẹ̀. Kí n tó gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù lórí ràkẹ́ẹ̀tì, mo gbọ́ ohùn láti orí àga.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

Bọ́ọ̀lù kejì, mo tún tẹ̀ wálẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ̀n, o kú iṣẹ́." Ẹ̀kẹta: "Wàá dàgbà." Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìkíni ṣubú sílẹ̀ láìdáhùn, Bàbá Ọ̀ffà kò sì jẹ́ kí ẹyọ kan ṣubú. Gbogbo bákáǹdì mi ló ń dá lóhùn. Bàbá mi, tó dúró lẹ́yìn àga náà, ń wo òkè bí ẹni tó ń wá ẹyẹ.

Ṣùgbọ́n nínú tẹníìsì, a máa ń pààrọ̀ ìhà. Bí mo bá lọ sí ìhà kejì, Bàbá Ọ̀ffà yóò bọ́ sí apá ọ̀tún mi, ẹ̀yìn ni màá sì máa kọ sí i bí mo bá ń gbá. Ohun tí Málàm rò nìyẹn. Gémù kan parí báyìí, ó dé pẹ̀lú agboòrùn. "Bàbá, oòrùn," ló ń wí ní Yorùbá ọjà rẹ̀. Ó gbé Bàbá Ọ̀ffà dìde, ó gbé àga kọjá nẹ́ẹ̀tì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún un tò. Gémù méjì sí i, a tún pààrọ̀, ó tún dé. "Bàbá, oòrùn." Ó tún gbé e padà síbi tó ti kọ́kọ́ jókòó. Hẹ́dìmásítà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn, ó ń wo àga tó ń rìnrìn àjò, kò bi ẹnikẹ́ni. Nígbà kẹrin, Bàbá Ọ̀ffà tú agbádá ká, ó sì ní oòrùn ìlú wa kì í jókòó sójú kan.

Hẹ́dìmásítà fi gémù márùn-ún sí mẹ́rin lé mi. A pààrọ̀ ìhà. Mo wòye, n kò rí Málàm. Oòrùn ti ń wọ̀, ìrun ìrọ̀lẹ́ ti tó, ó sì ti tẹ́ ẹní rẹ̀ lẹ́yìn igi dóńgóyárò, ó kọjú sí Ọlọ́run. Bí kò tilẹ̀ lọ kírun, kò sí oòrùn tó kù tí yóò tún dá lẹ́bi. Bàbá Ọ̀ffà jókòó ní apá ọ̀tún mi.

Mo sá fún apá òsì nínú gémù yẹn débi tí èémí mi fẹ́ tán. Mo ń sáré yí bọ́ọ̀lù po bíi ti ìgbà tí n kò tíì mọ nǹkan. Ó wá ku àmì kan kí Hẹ́dìmásítà borí. Hẹ́dìmásítà gbá bọ́ọ̀lù kan jìnnà sí òsì mi, n kò lè yí i po láéláé. Mo lè fi sílẹ̀ kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò bi mí. Èjìká yí, ẹsẹ̀ ọ̀tún ré kọjá, orúnkún tẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn mi látòkè délẹ̀ kọ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo sì gbá bọ́ọ̀lù tó dára jù tí mo tíì gbá láyé mi. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìlà lọ bí òkò. Hẹ́dìmásítà sáré pẹ̀lú gbogbo ìsanra rẹ̀, etí ràkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló kàn án, bọ́ọ̀lù náà sì fò sókè lọ́ra, ó ń bọ̀ wá bá mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún lè gbá a.

Èmi kò sí níbẹ̀. Mo ti yíra padà, mo ti kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì nínú amọ̀ pápá, mo kọjú sí àga.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Mo kọ ẹ̀yìn sí yín."

Mo gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù lẹ́yìn mi. Pà. Ó dákẹ́ díẹ̀. Pà. Eré parí. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́, Bàbá Ọ̀ffà kò sì dá mi lóhùn. Ìyẹn nìkan ni ìkíni tó jẹ́ kó ṣubú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá mi di aṣọ mi sínú àpótí páànù, ó tú u, ó tún un dì. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, àpótí mi wà láàárín wa. Bàbá Ọ̀ffà wọlé, ó jókòó sídìí fèrèsé. Bàbá mi gbé àpótí mi sókè kó nà án sí i, Bàbá Ọ̀ffà sì fi ọwọ́ tì í padà. Èmi ló kọjú sí.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ọjọ́ náà, bọ́ọ̀lù lò ń kí. Ojú mi kò fọ́. Mo kàn ń dáhùn ni, torí àgbà ni mí. Èyí tó o kí kẹ́yìn, èmi lo kí, ó sì gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Kí ni ìyá wa tún fẹ́ kọ́ ọ?"

Ọkọ̀ fọn fèrè. Ó tún yọrí síta.

"Ẹ bá mi kí Málàm tó ń gbé oòrùn kiri."

Ìyá mi jókòó lórí àpótí mi, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi sì kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ títí ọkọ̀ fi lọ tán. Bí mo ṣe dàgbà sí Zaria nìyẹn, tí mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí mo bímọ síbẹ̀.

Ilé ti wà lórí pápá náà báyìí. Ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ á rí amọ̀ pupa tó le, kò ní mọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Málàm Garba ti kú, ó ti pẹ́, mo sì ṣì ń ṣàárò rẹ̀ bí ọyẹ́ bá ti dé. Àwọn ọmọ òde òní kì í ru omi mọ́, ẹ̀rọ ló ń fà á wá sínú ilé. Ọmọ ọmọ mi a máa juwọ́ sí mi láti orí kẹ̀kẹ́ Márúwá, nígbà mìíràn ọwọ́ òsì, n kì í sì í fi í ránṣẹ́ sí Ọ̀ffà. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbá bákáǹdì tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn báyìí. Mo kọ́kọ́ bínú sí i, kí n tó rántí pé ọwọ́ méjèèjì náà la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

Ohun kan ni mo fi kọ́ ọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún un pé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú bákáǹdì ni kí èèyàn tọrọ àforíjì. Ó gbà mí gbọ́. Ó sọ ọ́ fún olùkọ́ rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́, ìyẹn sì bi í pé inú ìwé wo ló wà, ni inú bí i sí mi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Láàárọ̀ àná, bí mo ti dúró lójú fèrèsé, mo yọ̀ǹda ògiri mi fún un, mo kàn ń wò ó. Ó mú bọ́ọ̀lù, ó rí mi.

"Ẹ má bínú o, Màmá Àgbà," ló wí, "mo fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí yín."

Mo gbé ọwọ́ mi sókè bí Málàm ti máa ń ṣe.

"Na yafe miki," ni mo wí. Ó yíra padà, ó tẹ orúnkún, ó sì gbá a.